Láti Ìbàdàn lọ kí àwọn tó kú sí Òkè-Àfà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìrántí wọn

Àbúrò ìyá mi obìnrin ń gbé ní Àpáta báyìí, ṣùgbọ́n Òṣòdì ló ń gbé ní ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, January 27 ọdún náà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, bá àwọn ọmọ ilé sáré jáde nígbà tí ilẹ̀ ń mì tìtì. Kò padà wọlé mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ìyá rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Èkó, ó padà wá sí Ìbàdàn.

Èmi ti lọ sí Òkè-Àfà, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tó kú lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bú ní bárékè Ìkẹjà, lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọmọ yẹn. Àwọn tó mọ̀ pé mo ti lọ máa ń bi mí léèrè: ọ̀nà wo la ń gbà? Kí la ń mú dání? Bí a bá débẹ̀, kí la ń ṣe? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí: bí ẹ ṣe máa lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe lọ sí Òkè-Àfà. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìbéèrè á ti dáhùn ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá tò ó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń lọ kí

A kì í lọ kí ọ̀fọ̀ láìmọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2002 kò gbọ́ ìtàn yìí rí, àwọn mìíràn sì gbọ́ ọ sódì. Wọ́n á ní bọ́ǹbù ló pa gbogbo wọn. Bọ́ǹbù kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Iná ló kọ́kọ́ sọ nítòsí bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná náà ti ràn dé ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù gbàù, ọ̀kan ń ran èkejì, títí ilẹ̀ fi ṣú. Gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àwọn àdúgbò tó jìnnà gan-an sí bárékè. Àwọn tó wà nílé kò mọ ohun tó ń bú. Kò tíì pé ọdún 3 tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, kò sì tíì pé oṣù méjì tí wọ́n pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, sínú ilé rẹ̀ níbí ní Bódìjà, ní December 23, 2001. Ọkàn èèyàn kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní sójà ló tún fẹ́ gbàjọba, àwọn kan ní ogun ti dé. Oníkálukú di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sá lọ síbi tí kò mọ̀.

Àwọn tó sá gba apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò já sí kánààlì Òkè-Àfà nínú òkùnkùn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. “Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò”: kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò gba àdúrà yìí fún rí. Ewéko irú ojúoró ló bo kánààlì náà lọ́jọ́ yẹn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí kan dé èkejì, ó dà bíi pápá tí èèyàn lè rìn kọjá. Ẹni tó ń sáré bọ̀ rò pé ilẹ̀ ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó rì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè dúró, torí ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn ló ń ti òun náà bọ̀ látẹ̀yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ́ sínú omi lé ara wọn lórí, ìyá tòun ti ọmọ ẹ̀yìn.

Àwọn tó kú ní gbogbo rẹ̀, ó lé ní 1,000, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń gbé òkú jáde nínú omi yẹn. Àwọn ọmọ tó sọnù mọ́ òbí wọn lọ́wọ́ pọ̀ débi pé àwọn Red Cross ló ń bá wọn wá ilé wọn kiri. Ọ̀gá sójà tó ń ṣàkóso bárékè náà tọrọ àforíjì, ó ní ilé ìkóhun-ìjà ọ̀hún ti gbó, pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, ó ṣì máa ń dùn mí. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ, nítorí ó máa wúlò fún yín níwájú.

Fún àwa ará Ìbàdàn, mo ní ohun kan tí mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ṣáájú. Kí wọ́n lọ dúró létí Ògùnpa. Ní August 31, 1980, omíyalé Ògùnpa gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ nínú ìlú yìí. Kọnkéré ni wọ́n fi tẹ́ ojú odò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọjá lórí afárá láì wo ìsàlẹ̀. Ẹ mú àgbàlagbà kan tó rí ọjọ́ náà dání, kó fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Ògùnpa lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò ní dé Òkè-Àfà bí àlejò.

Ta ló yẹ kó lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń fa àríyànjiyàn jù nínú ẹbí, nítorí náà n kò ní sáré kọjá lórí rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, òbí kì í sin ọmọ. Bí ọmọ bá kú, àwọn ẹbí àti ará àdúgbò ló ń gbé e lọ sin, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í ṣe ìnáwó fún un, wọn kì í pe ọjọ́ rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń dáàbò bo abiyamọ. Ṣùgbọ́n ibi ìrántí tí gbogbo ìlú mọ̀, tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sí, tí wọ́n ń pe ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, ó yàtọ̀ sí ohun tí àṣà wa mọ̀. Ó ń sọ fún ìyá pé: wá wò ó.

Àwọn ìyá kan wà tí wọn kì í pa January 27 kan jẹ. Wọ́n ní bí àwọn kò bá lọ, ta ló máa rántí ọmọ àwọn? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àbúrò ìyá mi kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Òkè-Àfà láti ọjọ́ náà, òótọ́ lòun náà ń ṣe. Èmi fúnra mi ti rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, mo ní ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́ bó bá débẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló ń já lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé kí n lọ máa wo omi tí ọmọ mi mu kú?” Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti rọ abiyamọ kankan mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ rán yín níṣẹ́ kankan. Bó bá ní òun fẹ́ bá yín lọ, ẹ mú un dání, kí ẹnì kan má sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Láti ọmọ ọdún 10 sókè, mo fara mọ́ ọn. Nílé ni kí ẹ ti sọ fún wọn, kì í ṣe létí kánààlì, ẹ sì pe ikú ní ikú. Ọmọ Ìbàdàn tó ti tó ọdún yẹn á ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ 35 tó kú ní Baṣọ̀run ní December 18, 2024, nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọdé ń kú. Ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni ohun tí òun lè ṣe. Ẹ fi ìrìn àjò yìí kọ́ ọ: bí èrò bá ń ya lọ síbì kan, kó má tẹ̀ lé wọn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí sínú ilé tó lágbára, kó má ṣe bọ́ sí omi tí kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí ilé kan tí gbogbo yín máa pàdé bí nǹkan bá tú yín ká. Ilé wa ti ní tiwa.

Ọjọ́ wo?

Bí ẹ bá ní ẹni tó kú níbẹ̀, ẹ lọ ní January 27. Àwọn ẹbí á wà níbẹ̀, àdúrà á wà, àwọn tó ń gbé òdòdó ìrántí kalẹ̀ á wà. Ẹ ó rí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá tiyín mu, èyí kò sì sí lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ẹ kò bá ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọjọ́ mìíràn ló dára fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá àárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀. Ọjọ́ 27 yẹn, ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Bí ẹ bá wá pàpà lọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ dúró sí, ẹ má gba àga, ẹ má gba gbohùngbohùn.

Ọ̀nà

Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ kìlómítà 127 àti díẹ̀. Mọ́tò Òṣòdì ni kí ẹ wọ̀, ní Iwo Road tàbí New Garage. Ẹ gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, torí bí ẹ bá dé Mowé àti Ìbàfò nígbà tí oòrùn ti mú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí àwọn ìjọ ńlá tó wà lójú ọ̀nà yẹn bá ń ṣe ìpàdé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ojú títì lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2021. Kó sọ̀kalẹ̀ ní Agége, kó wọ mọ́tò lọ sí Òṣòdì láti ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ìrìn àjò yìí. Èèyàn ń ráyè ronú. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń gbéra kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní Òṣòdì, dánfó tó ń lọ Jákàǹdè tàbí Èjìgbò ni tiyín. Ẹ sọ fún kọ́ńdọ́ pé Òkè-Àfà lẹ ń lọ, níbi cenotaph. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ibi tí wọ́n ti ń rántí bọ́ǹbù Ìkẹjà. Àwọn àgbàlagbà tó ń tajà ní àdúgbò náà mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn ni kí ẹ bi, kì í ṣe àwọn ọmọ kéékèèké.

Ohun tí ẹ máa wọ̀ àti ohun tí ẹ máa mú dání

Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ kí ọ̀fọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Àǹkárá tí kò pariwo, bùbá àti ìró, ṣòkòtò àti dàńṣíkí, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ má ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá nítorí rẹ̀. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n wọ̀ ọ́ wá, léèsì aláwọ̀ iyùn, gèlè ròkè lalá. Mo mọ̀ pé wọn kò ní in lérò pé kó burú, ṣùgbọ́n ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ojú kúrò lára wọn.

Ẹ mú omi mímu dání, agboòrùn, àti bàtà pẹlẹbẹ. Òdòdó kì í ṣe dandan. Ohun tó dára ju òdòdó lọ ni bébà tí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ wá nítorí rẹ̀ sí. Bí ẹ kò bá mọ ẹnikẹ́ni tó kú níbẹ̀, ẹ bi ará àdúgbò yín ní Ìbàdàn. Mo ti bi ní Àpáta nìkan, mo sì rí ilé mẹ́ta. Orúkọ kan péré tó. Bí ẹ bá mọ orúkọ oríkì rẹ̀, àní ó tún dára sí i. Ẹgbẹ̀rún èèyàn kò ṣeé gbé sọ́kàn, ṣùgbọ́n Àjàní kan ṣeé gbé. Ẹ kà á sókè níbẹ̀, kí ẹ sì mú bébà náà padà sílé. Ẹ má jù ú sínú kánààlì, ẹ má sì so ó mọ́ nǹkan kan.

Bí ẹ bá débẹ̀

Ẹ kí ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni o, ẹ̀ṣọ́ ni o, ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni o. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ohun tí ẹ wá ṣe. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì, ẹ má gun ògiri. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọn kò bá sì rí i, ẹ dúró níta kí ẹ ṣe tiyín. Kánààlì náà ò ní ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo omi náà. Ẹ má sún mọ́ etí rẹ̀ jù, ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Ìgbà kejì tí mo lọ, ewéko díẹ̀ wà lójú omi, wọ́n rọra ń yí lọ. Ọmọ adìyẹ kan ń jẹ̀ létí ibẹ̀. Ó wò ó, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni fẹ́ gorí ewé, ó sì fà á padà. Bí àyà mi ṣe já lọ́jọ́ náà, n kò lè gbàgbé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa.

Mùsùlùmí lè ṣe àdúà, Kìrìsìtẹ́nì lè gbàdúrà, ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ lè dákẹ́. Ẹ ṣe é ní ohùn jẹ́jẹ́. Ibí yìí kì í ṣe ibi ìwàásù, torí oríṣiríṣi ẹlẹ́sìn ni omi yẹn gbé lọ pọ̀.

Bí ẹ bá bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pàdé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ ṣọ́ jù. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè” kò bá ibẹ̀ mu. Ẹni tó sin òbí tó dàgbà la ń sọ ọ́ fún. “Ẹ kú ìrọ́jú” dára. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” dára. “Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́” dára, gbogbo ènìyàn ló sì máa ṣe àmín sí i. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ìyá yẹn ti lè lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ má sì sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ilé ìkóhun-ìjà tó gbó láàárín ìlú, tí wọn kò tún ṣe, ọwọ́ èèyàn ló wà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ìtàn tirẹ̀ fún yín, ẹ jókòó gbọ́ ọ tán. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn tiyín.

Fóònù yín ńkọ́? Ẹ̀bi mi ni mo fẹ́ fi kọ́ yín. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo yọ fóònù, mo ń ya fọ́tò kiri kí n lè fi han àwọn ará ilé. N kò mọ̀ pé bàbá kan wà níwájú mi tó ń sunkún. Ó yíjú padà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o rí mi dáadáa?” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pa fóònù kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bí ẹ bá nílò fọ́tò, ẹ ya ibi ìrántí náà nìkan, nígbà tí kò bá sí èèyàn níwájú rẹ̀. Ẹ má ya ara yín níbẹ̀ rárá.

Wákàtí kan tó. Ẹ má ṣètò àríyá tàbí ìrajà mọ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ jẹun ní Òṣòdì, kí ẹ kọrí sílé.

Bí ẹ bá padà dé Ìbàdàn

Ẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, bí a ṣe máa ń ṣe bí a bá ti ibi òkú dé. Kí àwọn ọmọ tí ẹ mú dání sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà lálẹ́ ọjọ́ náà, torí àlá lè dà wọ́n láàmú.

Bí abiyamọ tó dúró sílé bá wà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìròyìn bí ẹ bá ṣe ń wọlé. Ẹ kí i, ẹ jẹun tó bá gbé fún yín, ẹ lọ sùn. Ẹ dúró títí yóò fi béèrè. Nígbà tí mo ti ìrìn àjò kẹta dé, ọjọ́ kẹrin ni àbúrò ìyá mi tó bi mí, níbi tí a ti ń ṣa ìrẹsì. Kò béèrè nípa ibi ìrántí náà. Ó ní, “Ṣé o pe orúkọ rẹ̀?” Mo ní mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́ bí mo ṣe pè é. Mo pè é. Ó ní oríkì ńkọ́? Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó kì í fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí n lọ mú bírò.